Páìpù Tí Omi Ń Gbà Jáde Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Yàn

Bí ènìyàn bá fẹ́ sin ẹja àrọ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, ohun tí gbogbo ilé máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni ibi tí omi yóò gbà wọlé. Wọn yóò gbẹ́ kànga, wọn yóò ra ẹ̀rọ tí ń fa omi, wọn yóò gbé táǹkì sókè. Nígbà tí ó bá ku ibi tí omi yóò gbà jáde, owó ti tán. Púlọ́ńbà yóò mú páìpù tó ṣẹ́kù nílẹ̀, yóò kì í bọ ara ògiri, yóò sì ní iṣẹ́ ti parí. Èrò tèmi ni pé òdìkejì ló yẹ kí a ṣe. Páìpù ìjáde ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yàn, kí a tó to búlọ́ọ̀kù kankan. Ọmọ ọdún 16 ni mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Adágún tiwa gùn ní mítà 3, ó fẹ̀ ní mítà 2, omi inú rẹ̀ sì jìn ní mítà 1. Lítà 6,000 nìyẹn. Páìpù oní-íǹṣì 1 ni wọ́n fi sí i lára ògiri, pẹ̀lú táàpù, ó sì fi bí ẹsẹ̀ kan ga ju ilẹ̀ lọ. Bí a bá ṣí i, omi òkè ni yóò jáde. Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tí wọn kò jẹ tán yóò jókòó sísàlẹ̀, wọn kò ní kúrò níbẹ̀. Kò pé oṣù méjì tí táàpù náà fi dí. Láti ìgbà náà, gárawá ni a fi ń gbọ́n ọn. Kí a tó lè pààrọ̀ ìdajì omi náà, gárawá oní-lítà 20 gbọ́dọ̀ lọ nígbà 150. Èmi àti àbúrò mi ni a ń pín in, ìgbà 75 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó yan páìpù kékeré kì í sí nílé lọ́jọ́ tí a bá ń gbọ́n omi.

Ní àsìkò ìdánwò, ọjọ́ mẹ́sàn-án kọjá tí a kò gbọ́n omi, bẹ́ẹ̀ ni ẹja ń jẹun lójoojúmọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹwàá, ẹja 43 ti léfòó. Ìyá mi kò bá wa wí. Ó kàn ń kà wọ́n sínú abọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwìn ni ó ra oúnjẹ wọn, gbèsè náà sì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn.

Àwọn kan yóò ní ẹja àrọ̀ kì í kú bọ̀rọ̀. Òótọ́ ni pé ó ní ẹ̀yà ara tí ó fi ń mí afẹ́fẹ́ lókè omi, ó sì lè yè níbi tí ẹja mìíràn yóò ti kú. Ṣùgbọ́n ara ẹja fúnra rẹ̀ ń tú amóníà sínú omi, oúnjẹ tó bá rà sì ń fi kún un. Bí amóníà yìí bá pọ̀, yóò ba ẹran pupa tí ẹja fi ń mí lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ jẹ́. Ẹja tó ń yọjú mí lókè ṣì ń gbé inú ìdọ̀tí ara rẹ̀.

Àwọn mìíràn yóò ní páìpù ńlá wọ́n. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò tí wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì. Ojú páìpù oní-íǹṣì 4 kì í ṣe ìlọ́po mẹ́rin ti oní-íǹṣì 1, ìlọ́po 16 ni. Owó páìpù náà kò sì tó owó oúnjẹ tí ẹja 43 wọ̀nyẹn jẹ kí wọ́n tó kú.

Èyí tó lágbára jù nínú àtakò wọn ni pé bí páìpù abẹ́ ilẹ̀ bá ń jò, àfi kí a fọ́ ilẹ̀. Mo gbà. Nítorí náà, ẹ́líbò kan péré ni kí ó wà lábẹ́ ilẹ̀, kí a sì da omi sínú páìpù náà wò, kí ó sùn mọ́jú, kí bíríkìlà tó da kọnkéré bò ó.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣe kò le. Kí ilẹ̀ adágún dà sí ojú kan. Ní ojú náà ni kí páìpù oní-íǹṣì 4 ti bẹ̀rẹ̀, kí a fi àwọ̀n bo ẹnu rẹ̀, kí ó gba abẹ́ ògiri jáde. Níta, kí a fi ẹ́líbò gbé e dúró, kí ó ga dé ibi tí a fẹ́ kí omi mọ. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ ti ìta yìí. Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, omi tó bá lé yóò gba ibẹ̀ jáde fúnra rẹ̀, láti ìsàlẹ̀ níbi tí ìdọ̀tí wà, adágún kò sì ní kún débi tí ẹja yóò fi bá omi lọ. Bí a bá dẹ páìpù náà sílẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́wàá lè fi ọwọ́ kan pààrọ̀ omi.

Páìpù tó bá sì ń da omi rírùn sí ojúlé aládùúgbò kò tíì parí. Ẹ la ojú àgbàrá rẹ̀ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ẹ̀fọ́, ajílẹ̀ ni.

Kí púlọ́ńbà tó dé, ẹ pe ẹni tí yóò máa gbọ́n omi, kí ẹ bi í léèrè ohun tí ó rò. Bàbá mi ti ní òun yóò fọ́ ilẹ̀ adágún wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì to búlọ́ọ̀kù, ẹ má jẹ́ kí tiyín di fífọ́.