Ẹ jẹ́ kí ẹlẹ́sẹ̀ ráyè sọdá títì

Kò sí bí èèyàn ṣe lè máa gbé abúlé tó tí kò ní rí ohun tí yóò mú un wọ ìgboro. Bí kò bá jẹ́ pé ọmọ bímọ tí ìyá fẹ́ lọ bá a wẹ̀ ẹ́, ó lè jẹ́ owó ìfẹ̀yìntì ni bàbá fẹ́ lọ bèèrè, tàbí kí ó jẹ́ ilé ìwòsàn ńlá ni wọ́n ní kí wọ́n máa lọ. Tí wọ́n bá débẹ̀, kì í ṣe ọ̀nà jíjìn tí wọ́n ti rìn ló ń bà wọ́n lẹ́rù bí kò ṣe títì kan ṣoṣo tó kù kí wọ́n sọdá. Ẹni tó bá ti dúró ní Ojota tàbí Mile 2 l'Ékòó, tàbí ní Iwo Road n'Ìbàdàn láàárọ̀, yóò mọ ohun tí à ń sọ. Àgbàlagbà á gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, á tún yára fà á padà, awakọ̀ á fọn fèrè mọ́ ọn, kọ́ńdọ́ á sì bú u kún un.

Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ pé kí èèyàn máa sáré sọdá márosẹ̀ níbi tí afárá ẹlẹ́sẹ̀ bá wà. Àwọn òṣìṣẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀ sí KAI, tí orúkọ wọn ti di LAGESC báyìí, ló ń mú àwọn tó bá ṣe bẹ́ẹ̀. A kò bá ìjọba jà lórí ìyẹn. Lójú ọ̀nà Ikorodu, afárá wà ní Ketu, Ojota, Palmgrove, Onipanu àti Fadeyi. Ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá tó wá ń fo kọnkéré àárín títì lábẹ́ afárá kò ní àwíjàre kankan.

Ṣùgbọ́n ta ló bi ìyá tí làkúrègbé ń dà láàmú léèrè bí yóò ṣe gun àtẹ̀gùn gàgàrà yẹn? Ẹni tó pọn ọmọ tó sì ru ẹrù ńkọ́? Aro tó wà lórí kẹ̀kẹ́ ńkọ́? Bí wọ́n bá tiẹ̀ gòkè tán, àwọn ọlọ́jà lè ti tẹ́ igbá wọn gba ìdajì ọ̀nà, bí ilẹ̀ bá sì ti ṣú, òkùnkùn àti ẹ̀rù àwọn jàǹdùkú kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn fẹ́ gba orí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fìyà jẹ èèyàn nítorí pé kò gun afárá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i pé afárá náà ṣeé gùn.

Títì tí kò sì ní afárá ló pọ̀ jù. Níbẹ̀, ìlà funfun tí à ń pè ní síbírà ni ààbò wa, níbi tí ọ̀dà rẹ̀ kò bá tíì pa rẹ́. Gbogbo ẹni tó bá gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ ló yẹ kó mọ̀ pé bí ẹlẹ́sẹ̀ bá ti wà lórí ìlà yẹn, ọkọ̀ ló gbọ́dọ̀ dúró. Ìgbà wo lẹ gbọ́ ọ rí pé wọ́n mú awakọ̀ kan nítorí pé kò dúró? Àwa kò rántí. Ẹlẹ́sẹ̀ tó ṣẹ̀ ni ọwọ́ òfin ń bà, ẹni tó wa irin lé e lórí ń lọ ní tirẹ̀.

Eré àsápajúdé ló sì ń pani jù. Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé bí ọkọ̀ tó ń sá 65 kìlómítà ní wákàtí kan bá kọlu ẹlẹ́sẹ̀, ewu ikú rẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́rin ti ọkọ̀ tó ń sá 50 lọ. 50 yìí náà sì ni òfin ilẹ̀ wa fi lélẹ̀ fún àárín ìlú. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, ọkọ̀ ẹlẹ́rù kan ya lu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ojodu nígbà tí wọ́n ń darí bọ̀ láti ilé ìwé, ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ sì bá a lọ. Kò sí afárá tí ì bá gba àwọn ọmọ yẹn lọ́wọ́ ọkọ̀ tí kò dúró.

Àwọn àgbà inú wa yóò rántí ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972, tí ilẹ̀ yìí kúrò ní ọwọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Ṣáájú ọjọ́ náà, ọwọ́ ọ̀tún ni à ń kọ́kọ́ wò kí a tó sọ̀ kalẹ̀ sí títì, lẹ́yìn rẹ̀ ó di ọwọ́ òsì. Lóde òní, ọlọ́kadà tó ń gba ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀ ti sọ ọ́ di dandan kí a máa wo ọ̀tún wo òsì, kódà lórí títì tí ọkọ̀ kò gbọdọ̀ ti ìhà méjèèjì wá.

Ilẹ̀ Yorùbá ni iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti gbérasọ. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1977, kí ìjọba àpapọ̀ tó dá FRSC sílẹ̀ ní 1988, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Kò yẹ kó jẹ́ àwa ni yóò máa bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kí àgbàlagbà sọdá. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ má sọ pé títì ìjọba àpapọ̀ ni, kí ìjọba àpapọ̀ náà má sì dákẹ́. Kí wọ́n tún síbírà kùn níwájú ọjà, ilé ìwé àti ilé ìwòsàn, kí wọ́n ṣe bọ́ǹpù sí i kí ọkọ̀ lè rọra, kí wọ́n tan iná sórí afárá, kí wọ́n sì ṣe ọ̀nà dagẹrẹ sí èyí tí wọ́n bá tún fẹ́ kọ́. Òṣìṣẹ́ LASTMA tó ń fi ọwọ́ dá ọkọ̀ dúró fún ọkọ̀ láti àárọ̀ lè dá a dúró fún ẹlẹ́sẹ̀ náà.

Ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ wà ní ìgboro, a bẹ̀ yín, ẹ yé fi fóònù darí ìyá yín sọdá márosẹ̀. Ibi tí ọkọ̀ bá já wọn sí gan-an ni kí ẹ ti wá pàdé wọn.