Ẹni Tó Bá Dẹ Ibú Ẹ̀ẹ̀rùn Tán, Èbù Ọdún Tó Ń Bọ̀ Ló Jẹ

Ẹ̀yin ará wa ní Kétu, ní Ṣábẹ, ní Ìdáṣà, ní Pọ́bẹ̀, ní Àjàṣẹ́, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn Ifẹ̀ ní Atakpamé, ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kò dùn, ṣùgbọ́n bí a bá pa á mọ́ra, àwa náà ni yóò pa lára. Ọ̀rọ̀ ẹja ni, ọ̀rọ̀ odò ni, ọ̀rọ̀ ọwọ́ ara wa sì ni.

Gbogbo wa la mọ bí odò ṣe ń rí lásìkò yìí. Ọ̀pàrà tó kún bo igi mọ́lẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, lónìí ọmọdé lè fi ẹsẹ̀ là á kọjá. Wẹ́mẹ̀ náà ti sá kúrò létí bèbè rẹ̀. Iyanrìn yọ, àpáta yọ. Omi tó kù kò ju ibú kọ̀ọ̀kan lọ, ọ̀kan níbí, òmíràn lọ́hùn-ún. Níbòmíràn, omi tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló so wọ́n pọ̀; níbòmíràn, kò tilẹ̀ so wọ́n pọ̀ mọ́. Omi náà sì mọ́ gaara. Bí ènìyàn bá dúró lórí àpáta, á rí epìà lórí iyanrìn, á rí òjìji àrọ̀ lábẹ́ gbòǹgbò igi. Gbogbo ẹja tó fọ́n káàkiri nígbà tí omi kún, inú ibú wọ̀nyẹn ni wọ́n kó ara jọ sí.

Ibẹ̀ náà sì ni gbogbo wa ń rọ́ lọ.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, àwa kan lọ sí ibú kan lórí Ọ̀pàrà. A kò ní dárúkọ abúlé náà, nítorí ohun tí a rí níbẹ̀, ẹ lè rí i ní abúlé yín. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí alùpùpù ti tò létí odò. Ibú náà kò tó ìdajì pápá bọ́ọ̀lù, àwọn ènìyàn tó yí i ká sì lé ní ogójì. Okùn ìwọ̀ ń lọ́ mọ́ra, èébú ń fò, àwọn méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi igi ìwọ̀ na ara wọn. Títí oòrùn fi gbóná, ẹni tó rí ẹja mẹ́ta fi ìwọ̀ mú kò pọ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn kan bọ́ sínú omi pẹ̀lú àwọ̀n ẹ̀fọn tí wọ́n rán pọ̀, wọ́n wọ́ ọ láti orí dé ìdí ibú. Ohun tí wọ́n kó jáde kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Nígbà tó di ọ̀sán, ọ̀dọ́mọkùnrin méjì dé pẹ̀lú ìgò kan lápò. Kò pẹ́ tí wọ́n da a tí funfun ikùn ẹja fi bo ojú omi. Ìyá kan tó mú epìà kan, bó ti la ẹnu rẹ̀ báyìí, àwọn ọmọ rẹ̀ wẹ́wẹ́ ló kún ibẹ̀, gbogbo wọn ti kú. Òun fúnra rẹ̀ dákẹ́, kò lè sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe ń bẹ̀rẹ̀, kí a má kàn máa bú àwọn ọ̀dọ́. Nígbà tí omi bá lọ sílẹ̀ tó mọ́, bí a ṣe ń rí ẹja ni ẹja náà ń rí wa. Ó ń rí òjìji wa, ó ń gbọ́ ẹsẹ̀ wa lórí òkúta. Irú omi bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ sùúrù. Àwọn bàbá wa mọ̀ ọ́n: okùn tín-ín-rín, ìwọ̀ kékeré, kí ènìyàn jìnnà sí etí omi, kí ó lọ ní òwúrọ̀ kùtù tàbí nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, kí ó sì panu mọ́. Ẹnì kan lè ṣe é, ẹni méjì lè ṣe é. Ogójì ènìyàn kò lè ṣe é. Nígbà tí èrò bá pọ̀, onísùúrù ló ń pàdánù. Ẹni tó dúró jẹ́ẹ́ ń wo bí ẹlòmíràn ṣe ń da omi rú. Òun náà á wá àwọ̀n. Ẹni tó ní àwọ̀n á rí i pé ẹlòmíràn ní àwọ̀n tí ojú rẹ̀ kéré ju tirẹ̀ lọ, òun náà á lọ wá àwọ̀n ẹ̀fọn. Ìgò oògùn ló máa ń kẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó jí láàárọ̀ tó ní òun fẹ́ pa odò. Ìkánjú ló ń tì wá débẹ̀, a ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jẹ ẹ́ ṣáájú wa.

Àgbẹ̀ ni púpọ̀ nínú wa. Ní Ṣábẹ, ní Ìdáṣà, ta ni kò mọ èbù? Bó ti wù kí ìyàn mú tó, bàálé tó bá se èbù jẹ, gbogbo àdúgbò á mọ̀ pé ilé yẹn ti bàjẹ́. A máa ń so ẹnu mọ́lẹ̀, a máa ń jẹ gbágùúdá, kí èbù lè délẹ̀. Ẹja tó wà nínú ibú lóṣù kejì àti oṣù kẹta, èbù odò ni. Òjò àkọ́kọ́ ń bọ̀. Bí omi bá ti ń kún, tó ń wọ inú koríko, àrọ̀ á jáde kúrò nínú ibú lọ yé ẹyin sínú omi tuntun náà. Àwọn àrọ̀ wo ni yóò yé e? Àwọn tó kù nínú ibú nìkan ni. Bí mẹ́wàá bá kù, mẹ́wàá ló máa bí ọdún tó ń bọ̀. Bí a kò bá ṣẹ́ ọ̀kan kù, òjò lè rọ̀ títí, omi lásán ni yóò kún.

Ara ẹja náà kò tilẹ̀ le nígbà yìí. Omi tó gbóná kì í gba afẹ́fẹ́ tó omi tútù, ẹja sì ti pọ̀ jù nínú àyè kékeré. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí epìà tó ń ya ẹnu lójú omi ní ìdájí. Àrọ̀ lè gbé orí sókè kó mí, kó sì fara da ẹrẹ̀. Epìà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a bá wá ń fi ẹsẹ̀ ogójì ènìyàn po ẹrẹ̀ pọ̀ mọ́ omi náà, pípa ni à ń pa ẹja tí a ò tilẹ̀ ní jẹ.

Ọ̀rọ̀ ìgò yẹn ńkọ́? Oògùn apakòkòrò òwú ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ṣe é láti pa kòkòrò lórí òwú, kì í ṣe láti wọ inú ọbẹ̀. Lindane, tí ọ̀pọ̀ àgbà mọ̀ sí Gamálìn 20, wọ ìwé àdéhùn Stockholm ní ọdún 2009 pé kí ayé jáwọ́ nínú rẹ̀. Endosulfan tẹ̀ lé e ní 2011. Bí gbogbo ayé bá ń sá fún nǹkan ní oko, kí ló dé tí àwa fi ń dà á sínú omi tí a ń mu? Ní ẹ̀ẹ̀rùn, odò kì í ṣàn tó láti gbé májèlé lọ kíákíá. Ó ń jókòó sínú ibú ni. Inú rẹ̀ kan náà ni màlúù ti ń mu, inú rẹ̀ ni àwọn ọmọ wa ti ń wẹ̀. Bí òjò bá sì dé, ìyókù á bá Ọ̀pàrà lọ sínú Wẹ́mẹ̀, Wẹ́mẹ̀ á sì máa sọ̀kalẹ̀ lọ síhà Àjàṣẹ́ àti Nokoué. Odò kan ni gbogbo wa ń lò.

Àwọn kan á ní àwọn baba wa náà fi ewé dẹ odò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n oró ewé wọ̀nyẹn máa ń rọ nínú oòrùn láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ìlú ló sì máa ń pinnu ọjọ́ rẹ̀. Ẹnì kan kì í fi òru dà á. Ẹ má fi orúkọ òkú bo ìgò mọ́lẹ̀.

Ti àwọ̀n ẹ̀fọn náà, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n pín in kí ibà má bàa pa ọmọ wa. Oògùn tí wọ́n fi rẹ ẹ́, tí kì í ṣe ẹni tó sùn sábẹ́ rẹ̀ ní nǹkan, májèlé ni fún ẹja. A bá a lọ sódò, ọmọ sùn síta fún ẹ̀fọn, ẹja kò sì sí lọ́dún tó ń bọ̀. Èrè wo ló wà níbẹ̀?

A ti gbọ́ àwáwí. Àkọ́kọ́ ni ebi. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, àwa náà kì í ṣe olówó. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: ẹni tó lówó epo alùpùpù, tó lówó ìgò oògùn, òun kọ́ ni ebi ń pa jù. Ìyá arúgbó tó ń dẹ ìgèrè kan ṣoṣo, ọmọdé tó ní ìwọ̀ kan, àwọn ni ebi ń pa. Àwọn náà sì ni kì í rí nǹkan kan mú bí ìgò bá ti kọjá.

Èkejì: wọ́n ní àlejò ló ń ṣe é. Ta ló fi ibú hàn wọ́n? Ta ló ń ra ẹja náà lọ́wọ́ wọn?

Ẹ̀kẹta: wọ́n ní bí a kò bá pa á, àwọn ará òdìkejì ní Nàìjíríà á pa á. Àwọn ará òdìkejì náà ń sọ bẹ́ẹ̀ nípa wa. Ẹnu ààlà ni Ọ̀pàrà wà, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tó wà lápá ibẹ̀, èdè wa ni wọ́n ń sọ, àna wa ni wọ́n, a jọ ń ná ọjà ni. Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Ẹni tí a lè bá jókòó síbi ìgbéyàwó, a lè bá a jókòó lórí ọ̀rọ̀ ibú.

Ẹ̀kẹrin: wọ́n ní odò Ọlọ́run ni, kò ní olówó. Ẹ lọ wo àwọn ará àfonífojì Wẹ́mẹ̀ nísàlẹ̀. Wọ́n ń gbẹ́ kòtò ẹja tí wọ́n ń pè ní whedo. Omi á kún wọ̀ ọ́, ẹja á bá a wọlé, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn olówó rẹ̀ á gbọ́n ọn, á sì kó ẹja rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bá a jà, òógùn rẹ̀ ni. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́n omi títí yóò fi rí ẹrẹ̀, kó lọ gbẹ́ tirẹ̀. Ibú tí Ọlọ́run gbẹ́, tiwa àti ti àwọn tí a ò tíì bí ni.

Òfin kò dákẹ́ lórí rẹ̀. Òfin 2014-19 tí wọ́n fọwọ́ sí ní Benin ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 2014 lórí ẹja pípa àti ẹja sísìn kò fàyè gba májèlé nínú omi. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá kò lè dúró nídìí gbogbo ibú. Àwa la lè dúró níbẹ̀.

Ohun tí a ń béèrè nìyí. Kí abúlé kọ̀ọ̀kan létí odò yan ibú kan, èyí tó jìn jù, kí ẹnikẹ́ni má dẹ ẹ́ láti ìgbà ọyẹ́ títí omi yóò fi kún tí gbogbo ibú yóò tún so pọ̀. Kì í ṣe ohun tuntun: ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, ibú òòṣà wà tí a kì í ju àwọ̀n sí, ẹja inú wọn ló sì ń bọ́ ibú yòókù. Yálà òòṣà lẹ ń bọ, yálà ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí lẹ ń lọ, ẹ lè bọ̀wọ̀ fún ibú kan.

Ní àwọn ibú yòókù, ìwọ̀ àti ìgèrè nìkan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kí á má wọ́ àwọ̀n, kí á má dí odò, kí á má gbọ́n ọn. Kí á sì máa pín ọjọ́: adúgbò yìí lónìí, tọ̀hún lọ́la, kí èrò má ṣe rọ́ lu ibú kan lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ̀yin ìyá wa ẹlẹ́ja, ọwọ́ yín ni agbára wà. Ẹja tí kò ní ojú ìwọ̀ lẹ́nu, tí kò ní àmì àwọ̀n lára, tí ó pọ̀ lápò kan lọ́jọ́ kan, ẹ mọ ibi tó ti wá jù wá lọ. Ẹ má ra á. Bí ọjà bá kọ̀ ọ́, ìgò á padà sóko.

Ẹ̀yin olóko òwú, ẹ máa ka ìgò yín. Ẹ̀yin ọba, ẹ̀yin olóyè, ẹ̀yin délégé, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ pe ìpàdé kí ọyẹ́ tó ń bọ̀ tó dé, kí ẹ sì pe àwọn ará òdìkejì sí i. Ẹ̀yin tó wà lẹ́bàá Mónò, tí ẹ ti ń wo bí ìdídò Nangbéto ṣe yí omi yín padà láti 1987, ẹ bá wa sọ̀rọ̀, ẹ mọ ohun tí odò tó yàtọ̀ ń ṣe fún apẹja.

A kò ní kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹja. Àwa náà ń jẹ ẹ́, a sì fẹ́ kí àwọn ọmọ wa jẹ ẹ́. Ẹni tó bá lè kà á, kó kà á sétí ẹni tí kò lè kà. Ẹni tó bá mọ ọ̀dọ́ tó ń gbé ìgò, kó lọ bá a lálẹ́ yìí, kó bá a sọ̀rọ̀ bí ẹ̀gbọ́n, kó má dúró de ọlọ́pàá.

Òjò ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kó bá èbù nílẹ̀.