Ẹ Má Tíì Ju Ọkọ̀ Yẹn Nù o! Bóyá Orúkọ Rẹ̀ Ni Ẹ Ò Pè

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní orúkọ tó wuni là á jẹ́ lẹ́yìn odi. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá padà wálé tí kò sọ orúkọ tuntun fún ẹnikẹ́ni ńkọ́? Wọ́n á pè é títí, kò ní í dáhùn, wọ́n á sì ní etí rẹ̀ ti di. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lọ̀rọ̀ àwọn ọkọ̀ rélùwéè kékeré tí àwọn òyìnbó fi ń ṣeré rí.

Ẹ má rò pé eré ọmọdé nìkan ni o. Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, Jámánì àti Amẹ́ríkà, àwọn bàbá tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ń to irin sókè àjà. Èyí tó wọ́pọ̀ jù, àárín irin rẹ̀ méjèèjì jẹ́ mìlímítà 16.5, bí ìbú ìka kan báyìí. Owó gidi ni wọ́n ń ná sí i.

Láyé àtijọ́, bí wọ́n bá ti tan iná sójú irin, gbogbo ọkọ̀ tó wà lórí rẹ̀ ló ń sáré pọ̀. Láàárín ọdún 1980 sí 1990 ni ilé iṣẹ́ Lenz ní Jámánì gbé ọgbọ́n mìíràn dé. Nígbà tó ṣe, NMRA, ẹgbẹ́ àwọn olùfẹ́ eré náà ní Amẹ́ríkà, sọ ọ́ di ìlànà fún gbogbo ayé. DCC ni wọ́n ń pè é. Nínú ikùn ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ni nǹkan pẹlẹbẹ kan wà, dikódà lorúkọ ẹ̀. Òun ló ń gbọ́ àṣẹ tó ń gba ojú irin bọ̀. Nọ́ńbà lorúkọ tí wọ́n fi ń pe ọkọ̀. Bí wọ́n bá ní, "Nọ́ńbà 3, ó yá!" nọ́ńbà 3 nìkan ló máa gbéra. 3 yìí náà lorúkọ tí ọkọ̀ tuntun sábà máa ń bá wá láti ṣọ́ọ̀bù.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀

Ká ní bàbá kan ra ọkọ̀ fún ọmọ ọmọ rẹ̀, ó wá fẹ́ yí 3 padà sí 47. Ó gbé e sórí irin ìsọlórúkọ, ó tẹ nọ́ńbà, àpótí ìdarí ní kò ṣeé ṣe. Ó tún un tẹ̀, ibì kan náà ni. Ọmọ ń sunkún. Bàbá fárí gá, ó ní, "Dikódà ti jó!" Ó di kó lọ ra òmíràn. Ẹ dákun, ẹ ní kí bàbá mú sùúrù.

Ṣé ẹ rí i, dikódà ò lẹ́nu. Bó bá fẹ́ ní "mo ti gbọ́" lórí irin ìsọlórúkọ, ńṣe ló máa ń fún mọ́tò inú ọkọ̀ ní iná díẹ̀, fún ìdá mẹ́fà péré nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Iná tó fà yẹn ni àpótí ń kà sí ìdáhùn. Bí ìdọ̀tí bá wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ tàbí lójú irin, bí wáyà mọ́tò ò bá kan dáadáa, àpótí ò ní í gbọ́ nǹkan kan. Ó ṣeé ṣe kí ọkọ̀ ti gba orúkọ tuntun, kí àpótí máa pariwo pé kò gbà á! Nítorí náà:

1. Ẹ pa iná, ẹ fi òwú àti sípíríìtì nu ẹsẹ̀ ọkọ̀ àti irin.

2. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni kó wà lórí irin ìsọlórúkọ. Bí wọ́n bá pọ̀ níbẹ̀, gbogbo wọn á jẹ́ orúkọ kan náà.

3. Ẹ pè é ní 47, ẹ tún pè é ní 3. Ẹ wo èyí tó máa jẹ́.

4. Dikódà ní àwọn àpò tí wọ́n ń pè ní CV. Orúkọ kékeré, tí kò ju 127 lọ, wà nínú CV1. Èyí tó gùn wà nínú CV17 àti CV18. CV29 ló ń sọ èwo ni kó jẹ́. Bí ẹ bá kọ èyí tó gùn tí CV29 ò yí padà, orúkọ àtijọ́ náà ló máa máa jẹ́.

5. Ẹ wo CV19. Orúkọ ẹgbẹ́ ló wà níbẹ̀, fún ìgbà tí ọkọ̀ méjì bá jọ ń fa ẹrù. Bí kì í bá ṣe òdo ló wà níbẹ̀, ẹ pe orúkọ ọkọ̀ náà títí, kò ní í rìn. Ẹ fi òdo síbẹ̀.

6. Bí gbogbo rẹ̀ bá já sí pàbó, ẹ ka ìwé tó bá dikódà wá. Ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ pé bí ẹ bá kọ 8 sínú CV8, ó máa gbàgbé ohun gbogbo, á tún padà di nọ́ńbà 3. Ìdí nìyẹn tó fi gbọ́dọ̀ gbẹ̀yìn.

Ṣùgbọ́n bó bá ń rùn bí nǹkan tó jóná, ẹ yáa yọ iná. Níbi tí mọ́tò ti fara kan iná ojú irin tààrà, tí kò kọ́kọ́ gba inú dikódà kọjá, ibẹ̀ ni dikódà ti ń jó lóòótọ́.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ oníbàárà ló ti san owó nǹkan tuntun nítorí ìdọ̀tí tí òwú lásán lè nù. Kéèyàn tó ní "ó ti jó," kó kọ́kọ́ nu ojú ibẹ̀. Kéèyàn tó pe ọmọ ní alágídí, kó kọ́kọ́ mọ̀ bóyá orúkọ rẹ̀ lòun pè.