Igi Méjì, Àwọ̀ Méjì: Ẹ Yé Kun Gbogbo Ẹ̀ Ní Mahogany

Ní Ṣómólú àti Bàrígà, èèyàn ò ní rìn jìnnà kó tó rí káfíńtà tó ń kan àga, bẹ́ẹ̀dì tàbí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ọwọ́ wọn dáa. Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn mí: igi yòówù kí wọ́n lò, àwọ̀ pupa dúdú kan náà ni wọ́n máa kùn ún, èyí tí wọ́n ń pè ní "mahogany". Àrèrè tó funfun bí ẹ̀kọ, ó di mahogany. Àfàrà náà, mahogany. Kódà ọ̀gánwó, tó jẹ́ mahogany látinú ìyá ẹ̀ wá, wọ́n á tún kun òun náà ní mahogany!

Èrò tèmi ni pé ìyẹn ń fi owó ṣòfò, ó sì ń fi igi ṣòfò. Ọlọ́run ti kun igi fún wa. Àrèrè funfun, ìrókò pọ́n rúsúrúsú, ọ̀gánwó pupa, osùn pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Tí ẹ bá kan àpótí àrèrè, tí ẹ wá fi ọ̀pá osùn tẹ́ẹ́rẹ́ gba ẹnu ìdérí ẹ̀, kí lẹ tún fẹ́ fi kùn-ún-kùn-ún ṣe? Fáníìṣì tí ò ní àwọ̀ ti tó.

Àmọ́ o, ojú nìkan kọ́ la fi ń yan igi méjì tó máa gbé pọ̀. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Nǹkan mẹ́ta ló yẹ ká wò.

Àkọ́kọ́ ni ìmọ́lẹ̀. Àwọn èròjà tó wà nínú ọkàn igi ló ń fún un láwọ̀, oòrùn àti afẹ́fẹ́ sì máa ń yí wọn padà. Ìrókò tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìfági fá máa ń pọ́n rúsúrúsú. Tó bá yá, á di bíráùn. Osùn náà ò ní pupa báyẹn títí, bíráùn lòun náà ń lọ. Ẹni tó bá fi ìrókò àti osùn ṣe tábìlì torí pé wọ́n yàtọ̀ lónìí lè wá rí i lẹ́yìn ọdún mélòó kan pé wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Àrèrè ní tiẹ̀ máa ń funfun lọ ni, ó kàn lè pọ́n díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ fi í ti osùn. Ẹ dán an wò fúnra yín: ẹ fi bébà bo ìdajì pákó kékeré kan, kẹ́ ẹ gbé e sínú oòrùn fún ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta, kẹ́ ẹ wá ṣí i.

Ìkejì ni omi, òun ló sì ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Tí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá wà ní ìdá 80 nínú 100, omi inú igi máa wà ní bíi ìdá 16. Ẹ gbé igi yẹn wọ ọ́fíìsì tó ní ẹ́síì, tí ọ̀rinrin ibẹ̀ jẹ́ 50, omi yẹn á bọ́ sí bíi 9. Bó ṣe ń gbẹ ló ń súnkì, ní ìbú o, kì í fi bẹ́ẹ̀ súnkì ní gígùn. Ìsúnkì igi kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀. Láti tútù títí dé gbígbẹ pátápátá, ìrókò lè dín ní ìdá 3.8 nínú 100 ní ìbú. Ẹ̀kì lè dín ní 11. Ẹ ṣírò ẹ̀: nínú ọ́fíìsì yẹn, pákó ìrókò tó fẹ̀ ní sẹ̀ntímítà 30 á dín ní bíi mìlímítà 3, ti ẹ̀kì á dín ní bíi 8. Tí ẹ bá fi gọ́ọ̀mù lẹ ọ̀kan lé èkejì lórí, ṣé ẹ rò pé wọn ò ní jà? Pákó á tẹ̀, tàbí kó ya. Oníbàárà á ní káfíńtà ló rẹ́ òun jẹ. Ìrókò àti ọ̀gánwó lè gbé pọ̀ ní tiwọn, torí ìsúnkì wọn ò jìnnà síra.

Ìkẹta ni kòkòrò. Etí igi tó funfun, tó yí ọkàn ẹ̀ ká, máa ń fani mọ́ra lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkàn tó dúdú. Ibẹ̀ gan-an sì ni oúnjẹ kòkòrò wà. Tí ẹ bá ń rí ìyẹ̀fun lábẹ́ àga, ẹ ti mọ ẹni tó ń jẹun níbẹ̀.

Mo mọ èsì àwọn ọ̀gá mi káfíńtà: "Oníbàárà ló ń fẹ́ mahogany." Òótọ́ ni. Kùn-ún-kùn-ún sì máa ń jẹ́ kí wọ́n lè lo igi tówó wọn ká. Ṣùgbọ́n igi méjì ò ní kówó pọ̀ sí i dandan. Igi olówó kékeré la máa fi ṣe ara àpótí, èyí tó wọ́n la máa fi ṣe ọ̀ṣọ́, àjókù tí à bá dáná sì tó fún ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ igbó sì tún wà níbẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ní Panama, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àdéhùn CITES fi apá, ọ̀gánwó àti ẹbí osùn tó wà nílẹ̀ Áfíríkà sábẹ́ ìṣọ́, débi pé wọn ò gbọ́dọ̀ kọjá ẹnubodè láìsí ìwé àṣẹ. Igi madrid ti wà lábẹ́ ìṣọ́ yẹn láti 2017. Òfin yẹn ò ní kí káfíńtà Bàrígà má lò wọ́n, àmọ́ ó ń sọ fún wa pé wọ́n ń tán lọ. Igi tó ń tán lọ, ọ̀ṣọ́ ló yẹ ká máa fi ṣe, kì í ṣe odindi bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra àga, ẹ máa yí i padà kẹ́ ẹ wo abẹ́ ẹ̀ níbi tí wọn ò kùn. Ẹ bi ọ̀gá pé, "Igi wo rèé, ṣé ó ti gbẹ?" Tó bá ní kẹ́ ẹ fún òun lọ́sẹ̀ méjì sí i kí pákó lè gbẹ dáadáa, ẹ má bínú. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.