Òùngbẹ Kì í Ṣe Ìwà Akin

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti gboyè jáde, ọ̀rọ̀ kan ń dùn wá, a ò sì ní gbé e mì.

Bí ìjà MMA bá ti wà lóru Sátidé, ńṣe ni a máa ń kóra jọ sídìí fóònù kan ṣoṣo ní ilé akẹ́kọ̀ọ́. A ó máa jiyàn, a ó máa ki Israel Adesanya bí ẹni ń ki ọba, torí ọmọ wa ni, Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1989. Ìyẹn kò burú. Èyí tó burú ni fídíò tí à ń pín kiri kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀: oníjà tí ètè rẹ̀ ti gbẹ, tí ojú rẹ̀ ti wọnú, tí ẹni méjì ń dì mú kó tó lè gun òṣùwọ̀n. Àwa náà á wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, “Ọkùnrin ni!” Irọ́ la pa. Òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Oníjà tó wọn kílò 85 yóò fẹ́ jà láàárín àwọn oníkílò 77. Kò ní ọ̀rá tó lè tètè jò tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà omi ara rẹ̀ ni yóò fún jáde bí ẹni ń fún aṣọ. Yóò ṣíwọ́ omi mímu, yóò wọ aṣọ rọ́bà, yóò jókòó sínú yàrá ooru. Bó bá ti sọ̀kalẹ̀ lórí òṣùwọ̀n, yóò mu omi náà padà, kó lè fi ara ńlá bá ẹni kékeré jà lọ́jọ́ kejì. Ṣùgbọ́n kó tó dìgbà náà, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ki, ọkàn rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó, kídìnrín rẹ̀ ń jìyà, òógùn tó yẹ kó mú ara tutù sì ti tán.

Ní oṣù Kẹsàn-án 2013, Leandro Souza, ọmọ Brazil, ẹni ọdún 26, kú lọ́jọ́ ìwọ̀n gan-an ní Rio de Janeiro. Ní oṣù Kejìlá 2015, Yang Jian Bing, ọmọ Ṣáínà, kú ní Manila. Ẹni ọdún 21 ni. Ọjọ́ orí wa nìyẹn. Ṣáájú wọn, ní 1997, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta tó ń ja ìjàkadì fún yunifásítì wọn ní Amẹ́ríkà kú láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Kò sí èyí tí alátakò pa nínú wọn. Ibi tí wọ́n ti ń wá bí ara yóò ṣe fúyẹ́ ni ikú ti ká wọn mọ́.

Àwọn kan yóò ní ẹni tó tóbi ló ń borí. Wọn ò purọ́ tán. Ní oṣù Kẹta 2021, Adesanya, ọ̀gá àwọn oníkílò 84, lọ bá Jan Błachowicz jà láàárín àwọn oníkílò 93. Kò wọn tó kílò 91, páálí pizza ló gbé dání lórí òṣùwọ̀n. Błachowicz fi àmì ayò borí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹfà ọdún náà, Adesanya padà sí ìpele rẹ̀, ó sì borí Marvin Vettori. Ẹni tó fìdí rẹmi lónìí lè borí lọ́la. Òkú kì í gbẹ̀san. Bí oníjà méjèèjì bá sì jọ gbẹ ara wọn, ta ló wá tóbi ju ẹnì kejì lọ? Èrè ti bọ́ sọnù, ewu nìkan ló kù.

Ó ṣeé tún ṣe. Lẹ́yìn ikú Yang, àjọ ONE fòfin de fífi òùngbẹ dín ìwọ̀n kù, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìtọ̀ àwọn oníjà wò láti mọ̀ bóyá omi wà lára wọn. Kí ló dé tí àwọn yòókù kò fi lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Ẹ má bi wá pé kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá. Ọ̀kan nínú wa tó ń kọ́ ìjà fi ọ̀rá wé ara, ó ń sáré yí pápá ká lọ́sàn-án gangan láìmu omi. Àwa la dúró tí à ń pàtẹ́wọ́. Ìgbà tó ṣubú la tó mọ̀ pé ikú là ń kí kú iṣẹ́. Orí ló yọ ọ́.

Àwọn baba wa ní oúnjẹ lọ̀rẹ́ àwọ̀. Ẹni tó fẹ́ dín ìwọ̀n kù, kó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ṣáájú: kó dín òkèlè kù díẹ̀díẹ̀, kó má fi ẹ̀wà, ẹyin, ẹja àti ẹ̀fọ́ ṣeré, kó jẹ iṣu rẹ̀ níwọ̀n lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá le. Bí òógùn bá gba kílò kan lára rẹ̀ níbi ìdárayá, kó rọra mu nǹkan bíi líta kan àbọ̀ dípò rẹ̀. Bí ìpele kan bá sì kéré jù fún un, kó lọ sí èyí tó gbà á.

Ní tiwa, a ò ní pín irú fídíò bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin náà, ẹ má pín in. Omi ò lọ́tàá. Kí ni oníjà wá ń bá a jà sí?