Lámèyítọ́ Kì í Ṣe Baálé Búkà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọbẹ̀ tí baálé ilé kì í jẹ, ìyálé ilé kì í sè é. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n inú ilé ni ó ti jẹ́ òótọ́. Nígbà tí ìkòkò bá ti kúrò ní ẹ̀yìnkùlé tí ó dé etí títì, kò sí ẹnì kan ṣoṣo mọ́ tí í ṣe baálé rẹ̀. Àṣìṣe tí ó kún inú àròkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tí ó sì kún inú ìwé ìròyìn pẹ̀lú, ni pé ẹni tí ó bá ti mú kálàmù láti kọ̀wé nípa ilé oúnjẹ a sọ ara rẹ̀ di baálé gbogbo ìkòkò. Ohun tí kò bá ti bá a lẹ́nu mu, lójú rẹ̀, kò dára nìyẹn.

Kí a wo Ìpọ̀nrí ní Sùúrùlérè. Ilẹ̀ Àwórì ni, ṣùgbọ́n ọmọ Ìbàdàn, ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ Ìjẹ̀bú, ọmọ Èkìtì àti àwọn tí kì í ṣe Yorùbá ni wọ́n jọ ń jẹun níbẹ̀. Ọmọ Ìbàdàn tí àmàlà dúdú ti mọ́ lára dé ìdí láfún, ó ní ó ń rùn. Ọmọ Èkìtì tí kò mọ̀ ju iyán lọ rí ìkọ́kọrẹ́, ó ní ewùrà kì í ṣe iṣu. Ẹni tí kò fẹ́ràn irú jẹ ọbẹ̀ ọ̀fadà, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọbẹ̀ náà ti rà. Ibí ni ọ̀rọ̀ ti di ẹ̀sùn. Ọbẹ̀ tí irú pọ̀ nínú rẹ̀ kì í ṣe ọbẹ̀ tí ó rà. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tí ó jẹ ẹ́. Ti èkejì lè ti ilẹ̀kùn búkà ìyá olóúnjẹ pa.

Ẹ̀gẹ́ tí a rẹ sínú omi fún ọjọ́ mélòó kan ni a fi ń ṣe láfún àti fùfú. Rírẹ náà ni ó ń dín oró inú ẹ̀gẹ́ kù, òun náà ni ó sì ń fún un ní òórùn rẹ̀. Ẹni tí ó ka òórùn yìí sí àléébù, iṣẹ́ ọwọ́ tí ó mú kí oúnjẹ náà ṣe é jẹ ni ó ń bú. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀fọ́ bá kan, àléébù ni. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ yìí kò tíì tó lámèyítọ́.

Èdè Yorùbá kò sì fi òǹkọ̀wé sílẹ̀ láìní ọ̀rọ̀. Ọbẹ̀ lè ta, ó lè té, ó lè kan, ó lè ṣàn, ó lè ki jù, iyọ̀ lè já a. Àmàlà lè ní kókó. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ní gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lọ́wọ́, tí ó wá kọ ‘oúnjẹ játijàti’, kò ṣàpèjúwe oúnjẹ rárá. Ìbínú ara rẹ̀ ni ó ṣàpèjúwe. Olùkọ́ tí ó sì fún un ní máàkì nítorí pé èébú náà dùn ún kà, òun àti akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n jọ jẹ̀bi.

Àwọn kan yóò sọ pé owó ara ẹni ni ènìyàn fi ra oúnjẹ, nítorí náà ohun tí ó bá wù ú ni kí ó kọ. Owó oúnjẹ ni ó san. Kò ra orúkọ olóúnjẹ mọ́ ọn. Àwọn mìíràn yóò sọ pé ẹni tí kò bá fẹ́ràn oúnjẹ kan, kí ó pa ẹnu mọ́. Èyí náà kò tọ̀nà. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn olùfẹ́ nìkan ni yóò máa jẹ́rìí, ta ni yóò sọ fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn pé eṣinṣin wà nínú ọbẹ̀?

Ọ̀ràn yìí ti dé ilé-ẹjọ́ rí. Ní ọdún 2000, ìwé ìròyìn Irish News ní Belfast, ní Àríwá Ireland, bẹnu àtẹ́ lu ilé oúnjẹ kan. Olóhun pè é lẹ́jọ́. Ní ọdún 2007, àwọn ará ìlú tí a yàn láti gbọ́ ẹjọ́ náà ní kí ìwé ìròyìn san pọ́n-ùn 25,000. Ní ọdún 2008, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fagi lé e, nítorí pé a kò la ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ohun tí ó ṣẹlẹ̀ àti èrò ọkàn òǹkọ̀wé yé wọn dáadáa.

Nílé níhìn-ín, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, obìnrin oníṣòwò kan ní Èkó kọ ọ́ sórí Facebook pé ṣúgà pọ̀ jù nínú tòmátò kan tí ilé-iṣẹ́ ṣe. Nígbà tí àríyànjiyàn gbóná, ọ̀rọ̀ kúrò lórí ṣúgà, ó di ọ̀rọ̀ pípa ènìyàn. Ilé-iṣẹ́ náà fi ẹjọ́ sùn, àwọn ọlọ́pàá sì mú obìnrin náà. Kò yẹ kí a ti ẹnikẹ́ni mọ́lé nítorí pé nǹkan dùn jù lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún òǹkọ̀wé: ‘ó dùn jù’ kò béèrè ju ahọ́n lọ, ‘ó ń pa ènìyàn’ ń béèrè ẹ̀rí.

Kí ni ó wá yẹ kí ẹni tí yóò kọ nípa búkà tí kò fẹ́ràn ṣe? Kí ó kọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé òun kò fẹ́ràn rẹ̀, kí òǹkàwé lè mọ ibi tí ó dúró sí. Kí ó padà lọ lọ́jọ́ mìíràn, nítorí a-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni; ọbẹ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo kò lè ro ẹjọ́ gbogbo ọdún. Kí ó wo àwọn tí ó jókòó yí i ká. Bí àwo tiwọn bá mọ́ tónítóní tí tirẹ̀ kún, kí ó kọ àwo méjèèjì sílẹ̀. Bí omi ìfọwọ́ bá dọ̀tí, kí ó sọ pé ó dọ̀tí, láìfi epo bọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn èyí, bí ó bá wù ú, kí ó lọ jẹun ní ilé rẹ̀. Níbẹ̀ ni ó ti jẹ́ baálé.