Ẹ Jẹ́ Kí A Bá Àwọn Ọmọ Wa Wò Ó

 

Ní oṣù yìí, n kò mú ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ wá, bẹ́ẹ̀ ni n kò mú ọ̀rọ̀ aṣọ wá. Ọ̀rọ̀ sinimá ni mo mú wá. Ní ọjọ́ Sátidé kan, bí mo ti ń ṣa ẹ̀wà ní ilé ìdáná, mo gbọ́ tí ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 16, ń rẹ́rìn-ín kèékèé nínú pálọ̀. Kò pẹ́ púpọ̀, mo tún gbọ́ tí ó ń fa imú bí ẹni tí ó ń sunkún. Mo gbé ẹ̀wà sílẹ̀, mo lọ wo ohun tí ó ń pa ọmọ lẹ́rìn-ín tí ó tún ń pa á lẹ́kún. Sinimá ni. Mo jókòó tì í, mo ní kí ó dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀ fún mi. Ó wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbà.

Orúkọ sinimá náà ni 10 Things I Hate About You, èyí tí a lè pè ní Ohun Mẹ́wàá Tí Mo Kórìíra Lára Rẹ. Ní ọdún 1999 ni wọ́n gbé e jáde ní Amẹ́ríkà. Gil Junger ni ó darí rẹ̀, àwọn obìnrin méjì, Karen McCullah Lutz àti Kirsten Smith, ni wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ó ti lé ní ogún ọdún dáadáa, síbẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ kò yé wò ó. Nítorí náà, ó yẹ kí àwa ìyá mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Báyìí ni ìtàn náà lọ. Dókítà agbẹ̀bí kan wà ní ìlú Seattle, Walter Stratford ni orúkọ rẹ̀. Ọmọbìnrin méjì ni ó ní. Kat ni ẹ̀gbọ́n: ó mọ̀wé, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, kò sì fẹ́ kí ọmọkùnrin kankan sún mọ́ òun. Bianca ni àbúrò: ó lẹ́wà, ó fẹ́ràn aṣọ, ojú àwọn ọmọkùnrin ilé-ìwé kò sì kúrò lára rẹ̀. Ìyá wọn ti fi ilé sílẹ̀. Nítorí pé bàbá yìí máa ń gbẹ̀bí àwọn ọmọdébìnrin tí kò tíì kúrò lábẹ́ òbí, ẹ̀rù ń bà á ju bí ó ti yẹ lọ. Ó wá ṣe òfin kan: Bianca kò gbọdọ̀ bá ọmọkùnrin jáde, àfi bí Kat pẹ̀lú bá ń bá ọmọkùnrin jáde. Ó ti mọ̀ pé Kat kò ní fẹ́ ẹnikẹ́ni, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò sí òfin tí àwọn ọ̀dọ́ kì í wá ihò sí. Àwọn méjì ni wọ́n ń lé Bianca: Cameron, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí ilé-ìwé náà, àti Joey, ọmọ olówó tí ó fẹ́ràn ara rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Cameron àti Michael ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbìmọ̀ pọ̀, wọ́n fi ọgbọ́n ti Joey láti sanwó fún Patrick, ọmọkùnrin kan tí gbogbo ilé-ìwé ń bẹ̀rù, kí ó máa bá Kat jáde, kí ọ̀nà lè là sí ọ̀dọ̀ Bianca. Patrick gba owó náà. Ìgbà tí ó yá ni ìfẹ́ Kat wá wọ̀ ọ́ lọ́kàn ní tòótọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀ràn wà.

Ẹ̀yin tí ẹ ka ìwé Shakespeare ní ilé-ìwé lè ti dá ìtàn náà mọ̀. Láti inú The Taming of the Shrew ni wọ́n ti mú un, eré orí ìtàgé tí ó ti lé ní 400 ọdún. Padua, orúkọ ilé-ìwé àwọn ọmọ yìí, ni orúkọ ìlú tí eré náà ti ṣẹlẹ̀. Stratford, orúkọ bàbá wọn, sì ni ìlú tí wọ́n bí Shakespeare sí. Nínú eré àtijọ́ náà, ọkọ fi ebi àti àìsùn bá Katherina jà títí ó fi rọ̀, tí ó sì wá dúró láàárín àwùjọ tí ó ń kọ́ àwọn aya yòókù bí a ti í tẹrí ba fún ọkọ. Àwọn obìnrin méjì tí ó kọ sinimá yìí kò gba ìyẹn wọlé. Ẹnu Kat kò kú, ìwé rẹ̀ kò sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ọkùnrin. Mo gbóríyìn fún wọn.

Ohun mìíràn tún wà tí ó dára nínú rẹ̀. Julia Stiles, tí ó ṣe Kat, mọ iṣẹ́ rẹ̀: bí ó bá ń bínú, ẹ ó rí i pé ọgbẹ́ ni ó wà lábẹ́ ìbínú náà. Heath Ledger, ọmọ ilẹ̀ Australia, ni ó ṣe Patrick. Ó kú ní ọdún 2008, ẹni ọdún 28 péré. Ẹ wo ibi tí ó ti ń kọrin fún Kat lórí àtẹ̀gùn ìjókòó pápá ìṣeré, tí àwọn onífèrè ilé-ìwé ń gbè é, tí àwọn ẹ̀ṣọ́ sì ń lé e kiri. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ilé-ìwé tí wọ́n ti ya sinimá náà pẹ̀lú wu ojú: Stadium High School ni, ní ìlú Tacoma, ó sì rí bí ààfin ọba ayé àtijọ́.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú mi gba sinimá náà gbọ́ jù lọ kò pariwo rárá. Kat mu ọtí yó níbi àríyá kan. Patrick ni ó tọ́jú rẹ̀, tí ó sì fi mọ́tò gbé e délé. Nínú mọ́tò náà, Kat na ọrùn kí Patrick lè fi ẹnu kò ó lẹ́nu. Patrick kọ̀. Ó ní ó di ìgbà mìíràn. Kat bínú, ó rò pé wọ́n kò fẹ́ òun ni. Èmi dá sinimá dúró níbẹ̀, mo sọ fún ọmọ mi pé: “Ṣé o rí i? Ọmọkùnrin tí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kò tíì tó ẹni tí à ń bá jáde.” Ó ní, “Mo ti rí i, Màmá. Ẹ jẹ́ kí ó máa lọ.”

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ibi tí ó kù sí. Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ owó. Níbi ijó ńlá ilé-ìwé ni àṣírí tú pé wọ́n san owó fún Patrick. Ìtìjú ńlá ni fún ọmọbìnrin. Lẹ́yìn èyí, Kat ka ewì kan níwájú kíláàsì, ó sunkún. Patrick fi owó tí ó gbà ra gìtá fún un. Ó sì tán. Kat fúnra rẹ̀ sọ pé Patrick kò lè máa ra gìtá fún òun nígbàkígbà tí ó bá ṣẹ̀ òun, ṣùgbọ́n Patrick fi àwàdà dá a lóhùn, ó sì fi ẹnu kò ó lẹ́nu. Ẹ̀yin ìyàwó, ẹ̀yin náà mọ irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀. Aṣọ tuntun kì í ṣe àforíjì. Èyí tí ó tún burú ni pé Cameron, tí ó wà nídìí ètekéte náà, ni sinimá ń fi hàn wá gẹ́gẹ́ bí ọmọ dáadáa, kò sì sí ibi tí a ti rí i kí ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Kat.

Èkejì, wọ́n fi ọtí àwọn ọmọdé ṣe ẹ̀rín. Wọ́n sì mú kí Kat ṣí àyà rẹ̀ han tíṣà kan kí Patrick lè rí ọ̀nà yọ́ jáde nínú kíláàsì. Mo mọ̀ pé àwàdà ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n kò pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ̀kẹta, àwọn aláwọ̀ dúdú kò pọ̀ nínú rẹ̀. Tíṣà Morgan dára, ọ̀rọ̀ rẹ̀ a máa dùn, kò sì gbà fún Kat láti rò pé òun nìkan ni ayé ń fi ìyà jẹ. Ṣùgbọ́n Gabrielle Union, òṣèré tí ó já fáfá, wọn kò fún un ní nǹkan kan ju ọ̀rẹ́ ọ̀dàlẹ̀ lọ.

Mo fi ọ̀rọ̀ bàbá sí ìkẹyìn, nítorí ibẹ̀ ni ó ti kàn wá. Kí Bianca tó jáde lọ sí àríyá, bàbá rẹ̀ ní kí ó so oyún àtọwọ́dá mọ́ ikùn, kí ó lè mọ bí ẹrù náà ti wúwo tó. Ẹ ó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná. Nígbà tí ó yá, Kat jókòó ti àbúrò rẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ ohun tí kò sọ fún un rí: pé òun ti bá Joey sùn lẹ́ẹ̀kan, kété lẹ́yìn tí ìyá wọn lọ, nítorí pé ó dà bí ẹni pé gbogbo ẹgbẹ́ ni ó ń ṣe é. Nígbà tí òun sọ fún Joey pé òun kò fẹ́ mọ́, ó kọ òun sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni òun ti búra pé òun kò ní ṣe ohunkóhun mọ́ nítorí pé àwọn ẹlòmíràn ń ṣe é. Gbogbo òfin bàbá, gbogbo ìbẹ̀rù rẹ̀, ohun tí ó ń bẹ̀rù ti ṣẹlẹ̀ nínú ilé rẹ̀, kò sì mọ̀. Kò sí ẹni tí ọmọ náà lè sọ fún. Òfin wà nínú ilé náà. Etí ni kò sí.

Ibẹ̀ ni ọmọ mi ti bi mí léèrè, láìwo ojú mi, pé: “Màmá, bí ó bá jẹ́ èmi ni mo wá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún yín, kí ni ẹ máa ṣe?”

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ìbínú kọ́kọ́ gùn mí. Òwe mẹ́ta ti dé ẹnu mi. Mo gbé wọn mì. Mo sọ òtítọ́ fún un: “N ó sunkún. Bóyá n ó tilẹ̀ pariwo. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn náà n ó gbá ọ mọ́ra, a ó sì jọ wá ohun tí a ó ṣe. Má ṣe jẹ́ kí ariwo mi dí ọ lọ́wọ́ láti sọ fún mi.” Kò sọ nǹkan kan. Ó kàn sún mọ́ mi lórí àga, a sì wo ìyókù. Ẹ̀wà jóná lálẹ́ ọjọ́ náà, bàbá rẹ̀ sì jẹ gàrí.

Ọmọ tiyín lè wà lẹ́yìn yín lónìí tí ẹ fi ọ̀já gbà á. Ọdún mẹ́wàá kò jìnnà. Bí wọ́n bá dàgbà tó láti wo irú sinimá báyìí, ẹ má ṣe fi ìkanra pa á mọ́ wọn lójú, ẹ má sì fi wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ láwọn nìkan. Ẹ jókòó tì wọ́n. Ẹ rẹ́rìn-ín níbi tí ó bá ti pa yín lẹ́rìn-ín. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì péré ni kí ẹ dá a dúró, nítorí ọ̀rọ̀ púpọ̀ a máa lé ọmọ kúrò nílé. Bí ó bá tán, ẹ bi wọ́n léèrè: ta ni ó ṣẹ̀ nínú ìtàn yìí tí kò tọrọ àforíjì? Lẹ́yìn náà, kí ẹ dákẹ́, kí ẹ sì gbọ́.

Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi í fà á mọ́ra. Dókítà Stratford gbàgbé ọwọ́ ọ̀tún títí ó fi kù díẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ lọ sí yunifásítì. Kí àwa má ṣe pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó di oṣù tí ń bọ̀.